Ṣé ọrọ̀-ajé àyípo ń mówó wọlé, àbí ariwo lásán ni?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún mi pé ọrọ̀-ajé àyípo ni ayé ń lọ báyìí. Ó ní kò ní sí pàǹtí mọ́, pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n á máa tún lò, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á yọ́ ọ, yóò sì padà sọ́jà. Ó fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ háyà ilẹ̀ ní Ìkòròdú kó máa ra ike, ó sì fẹ́ kí n yá òun lówó kún un. Èmi ní àwọn bàbá bólà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i, mi ò sì rí èyí tó fi kọ́lé nínú wọn. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì? Kí n yá a àbí kí n má yá a?

———

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó kù ni kí ẹ mọ ibi tí owó ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jò.

Bàbá bólà tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ké "irin dà, bátìrì dà", iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé lórí gan-an ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ọmọlanke rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó bá ẹ̀yìn fìríìjì, wáyà, ìkòkò alumíníọ̀mù tó ti lu, bátìrì mọ́tò. Ẹ ò ní bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà níbẹ̀, ẹ ò sì ní bá pámpáàsì ọmọdé. Ohun tí ọjà ń pè ló ń gbé. Èyí tí ọjà ò pè wà nínú gọ́tà, ó ń retí òjò. Ìjọba Èkó fúnra wọn ń sọ pé pàǹtí tó ń jáde nílùú náà lójúmọ́ tó tọ́ọ̀nù 13,000. Gbogbo ìjà tí a máa jà níbí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò sanwó kí èyí tí ọjà ò pè náà lè padà?

Àwọn kan ní Amsterdam, Circle Economy lorúkọ wọn, máa ń ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú ohun tí ayé ń lò, èyí tó ti ara àlòkù padà wá jẹ́ 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìròyìn wọn ti 2018. Ó di 7.2 ní 2023. Ní 2025, 6.9. Bí ariwo ṣe ń ròkè ni ìṣirò ń relẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ti dẹ́kun ṣíṣà. Èyí tí wọ́n ń wú látinú ilẹ̀ ló ń yára ju èyí tó ń padà lọ.

———

Ẹni tó ní àwa ò ní àṣà dídá nǹkan padà, ẹ má bínú, ọmọ ọdún mélòó ni yín?

Ẹni tó bá gbọ́njú kí ìgò ike tó gbòde mọ̀ pé o ò lè lọ ra míńrà láìmú òfìfo dání. Bí o ò bá ní, wàá fi owó ìgò sílẹ̀, tàbí kí o dúró síbẹ̀ mu ún tán lójú olówó. Ọmọ tí wọ́n rán ní ọjọ́ tí àlejò dé mọ̀ pé bí ìgò bá fọ́ lọ́nà, ẹkún dé. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ọtí, kíréètì àti òfìfo ló máa kọ́kọ́ rà, kó tó ronú àga. Ìgò á padà sí ilé iṣẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọtí mìíràn sí i. Kò sẹ́ni tó wàásù fún wa. Owó orí ìgò ló ṣe é, ó sì ṣì ń ṣe é ní ilé ọtí títí dòní. Ẹ ka ìgò bíà tẹ́ ẹ bá rí nínú gọ́tà àdúgbò yín, kí ẹ wá ka ike.

Àwọn mẹ́ta ló ti dá mi lóhùn pé ọ̀lẹ ló jẹ́ ká sá lọ bá ike. Mi ò gbà. Ìgò wúwo, ó ń fọ́, ọkọ̀ tó gbé e lọ gbọ́dọ̀ gbé òfìfo bọ̀, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ àti omi tí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Ike kò ní àbọ̀: ọkọ̀ já a sílẹ̀, ó parí. Ìnáwó àbọ̀ yẹn kò pòórá o. Ilé iṣẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìṣirò tiwọn, ó bọ́ sí ọrùn LAWMA, àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí l'Ékòó, ó bọ́ sí ọrùn ẹni tí àgbàrá wọ pálọ̀ rẹ̀ nígbà òjò.

Jámánì fi òfin gbé ìnáwó náà padà síbi tó ti wá. Láti 2003, sẹ́ǹtì 25 wà lórí ìgò ike àti agolo. Ẹni tó bá dá a padà á gba owó rẹ̀, nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń padà. Àwọn ará wa tó ń gbé Berlin mọ̀ pé wọ́n máa ń to òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, kí ẹni tó ń ṣà á má baà ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀gbin. Scotland gbìyànjú tiwọn, ó fọ́ ní 2023, ìgò gilasi sì ni ìjọba London kọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n ti wá sún un sí October 2027. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ta-ni-yóò-sanwó kò ṣẹ́kù sí Èkó nìkan.

———

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àbúrò yín, torí wọ́n ti ń bára wọn jà lórí ìgò, wọ́n ti gbàgbé ẹni tó béèrè.

Èmi náà ra ike àti páálí ní ìhà Agége fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ni ẹni tó ń ra ike ń gbé kiri. Òfìfo ìgò ike míńrà 50cl kò wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, nítorí náà bí àádọ́ta wọn ló ń lọ sí kílò kan. Ọkọ̀ tó kún dé òkè pẹ̀lú ike tí wọn ò tẹ̀ lè má gbé tọ́ọ̀nù kan, awakọ̀ ò sì ní torí ìyẹn dín owó. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ike di béélì, tàbí èyí tó ń lọ̀ ọ́ sí wẹ́wẹ́, awakọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀. Èyí tó mọ́ gaara ló lówó lórí. Aláwọ̀ ewé kò tó o, oníbúráùn kò sì tó o rárá. Ìdérí kì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ara ìgò: bí wọ́n bá lọ̀ wọ́n pọ̀, tí wọ́n dà wọ́n sómi, ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Ọgbọ́n tó dáa ni, àmọ́ ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi ló mọ iye tí ọgbọ́n náà ń jẹ.

Àwọn tó ń kó o wá gbọ́n. Omi díẹ̀ nínú ìgò, yanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò, kó lè wọ̀n. Ilé iṣẹ́ tí ẹ máa tà á fún gbọ́n jù wọ́n lọ. Wọ́n á wọn ọkọ̀ yín, wọ́n á yọ owó ọ̀rinrin, wọ́n á yọ owó ìdọ̀tí, ẹ ó wá máa wo ìwé tí wọ́n fún yín bíi pé ti ẹlòmíì ni. Ilé iṣẹ́ kan gba ẹrù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n dúró de owó. Kí owó tó jáde, iye kílò kan ti já, wọ́n sì fẹ́ fi iye tuntun san ẹrù àtijọ́. A jà á. Mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀, mi ò gbà á tán.

Jíjá tí iye yẹn ń já, kò sí ohun tí àbúrò yín lè ṣe sí i. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe ike tuntun. Nígbà tí epo já wálẹ̀ ní 2020, ike tuntun dínwó ju àlòkù lọ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń búra pé àlòkù làwọn fẹ́ràn sì dákẹ́. Nígbà tí náírà já ní 2023, ó yí padà níbí: èyí tí wọ́n ń kó wọlé gbówó lórí, àlòkù di ààyò. Àtíbàbà rẹ̀ á wà ní Ìkòròdú, ọwọ́ àwọn tó ń wa epo ni iye ọjà rẹ̀ á wà.

Ẹ tún má gbàgbé ìyá tó ń ta epo pupa, òróró, zóbò àti kúnnú. Àwọn náà ń ra òfìfo tó mọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà á, wọn kì í wọ̀n ọ́n, torí náà iye tí wọ́n ń san máa ń ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ẹnì kan bínú sí mi pé ìyẹn léwu fún ìlera. Ó lè léwu bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí á tún ìgò lò bó ṣe wà ló sàn ju kí á yọ́ ọ lọ, ìwé òyìnbó tí àbúrò yín gbà bọ̀ gan-an sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń yọ́ ń di òwú inú ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí tó bá gbó kì í padà di ìgò. Ìyẹn yí lẹ́ẹ̀kan, kò yí lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Wecyclers bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n de àgbá ẹrù mọ́ ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí kì í wọ̀, ẹni tó bá sì kó ike fún wọn ń gba máàkì tó lè fi gba nǹkan ilé. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Morit gba ike lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ohun tó pa wọ́n pọ̀: ẹni tó kó o wá rí nǹkan mú lọ.

———

"Kí ìjọba fòfin de ike, ó tán."

Wọ́n ti dè é. Abọ́ fóòmù oúnjẹ kọ́kọ́ kan òfin ní Èkó ní January 2024. Ife, ṣíbí àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ àlòsọnù tẹ̀lé e ní July 2025. Kenya le ju tiwa lọ: láti 2017, ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rá àgbélọ́wọ́ tàbí tó ń tà á lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Òfin ń mú nǹkan kan kúrò lójú títì. Kì í sọ ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé fóòmù sílẹ̀, ó gbé abọ́ ike oníderí, ó sì fi iye rẹ̀ kún owó ìrẹsì mi. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí á da ẹyọ kan nù nínú wọn. Bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé wa, wọ́n á ya lù yín.

Ẹni tó ní ká padà sí ewé, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mọ́ínmọ́ín eléwé, kò sí àfiwé. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á léèrè iye tí ìdì ewé kan ń lọ báyìí, àti ibi tí wọ́n ti ń gbé e wá sí Mílé 12, kí ẹ tó fi í ṣe òfin fún ìlú tó tó Èkó.

———

Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Ògíjo, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ó dáa, èmi á dárúkọ rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí à ń lò, bátìrì mọ́tò wà lára àwọn tó ń padà jù. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹ gbé bátìrì tó ti kú síta lálẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹ ó bá a láàárọ̀. Òjé inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé "ṣé ó padà?" nìkan la fi ń wọn ọrọ̀-ajé àyípo, bátìrì ti gba ipò kìíní, kí gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́.

Ògíjo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú tí àbúrò yín fẹ́ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á la bátìrì, ásíìdì á dà sílẹ̀, wọ́n á kó òjé sínú iná, èéfín á wọ àdúgbò, eruku á bà lé orí òrùlé, lé ara aṣọ tí wọ́n sá, lé ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Ilé ìròyìn The Examination àti New York Times ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tó ń gbé àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2025: bí ẹni méje nínú mẹ́wàá ló ní òjé tó léwu nínú ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú òjé yẹn kì í dúró sílé, òkè òkun ló ń lọ, ó ń di bátìrì mọ́tò ẹlòmíì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọdé lára. Ó ń mú ọpọlọ wọn kú díẹ̀díẹ̀, ìyá á rò pé ọmọ òun ò fẹ́ràn ìwé ni.

Kì í ṣe Ògíjo nìkan. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, ọmọ 18 ló kú láàárín 2007 sí 2008 níbi tí wọ́n ti ń túlé bátìrì. Ní Owino Uhuru ní Mombasa, ní Kenya, àwọn aládùúgbò gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kóòtù sì pàṣẹ ní 2020 pé kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 ṣílè fún wọn gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú.

Àwọn kan ti ń kọ ọ́ sí mi pé bí wọ́n bá ti àwọn ilé iṣẹ́ náà pa, èèyàn á pàdánù iṣẹ́, wọ́n á sì máa yọ́ ọ nínú àgbàlá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ilé iṣẹ́ tó bá ra ẹ̀rọ tó ń gba èéfín mọ́ra, tó ń tọ́jú ásíìdì, tó ń fún òṣìṣẹ́ ní ìbòmú tó péye, ìnáwó rẹ̀ ti pọ̀. Kò ní lè san iye tí ẹni tó ń yọ́ ọ ní gbangba ń san fún bátìrì. Bàbá bólà á gbé e lọ síbi tí owó ti pọ̀, ẹni tó ṣe dáadáa á jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó ńlá láìrí bátìrì yọ́. Ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pa èèyàn ló ń borí níbẹ̀. Títi ilé iṣẹ́ mélòó kan pa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Ó di ìgbà tí ẹni tó ń ta bátìrì tuntun bá ń san àfikún owó fún ẹni tó yọ́ àlòkù rẹ̀ láìpa èèyàn lára, kí ìṣirò náà tó yí.

———

Ní kúkúrú, fún ẹni tó béèrè bóyá ìkòkò Ṣakí, tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù àlòkù rọ, wà lára ọ̀rọ̀ yìí: alumíníọ̀mù gan-an ni ìlérí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Agbára iná tí wọ́n fi ń yọ́ àlòkù rẹ̀ kò ju bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun. Àwọn tó ń rọ ìkòkò mọ èyí nínú egungun wọn. Ohun tó wọ inú ìkòkò ni kí ẹ máa béèrè. Ìwádìí kan ní Cameroon ní 2014 rí òjé nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì, agolo àti àwọn irin tí ẹnikẹ́ni ò mọ orírun wọn ni wọ́n ń dà pọ̀. Rádíétọ̀ àti ohun tí wọ́n fi òjé jó mọ́ra, kó má wọ inú iná tí wọ́n ń rọ ìkòkò ọbẹ̀ sí.

———

Ọ̀gá kan láti Peckham ní London ní àwa tó wà nílé ò moore, pé fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ń kó ránṣẹ́ ni ọrọ̀-ajé àyípo tó dára jù, torí ẹ̀mí nǹkan ń gùn sí i.

Ọ̀gá, mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín. Tòkúnbọ̀ ló tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Ọmọkùnrin tó jókòó lábẹ́ agbòòrùn ní Computer Village, Ìkẹjà, tó ń fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ jó bọ́ọ̀dù fóònù, iṣẹ́ tí àwọn ará Europe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣòfin lé lórí ló ti ń ṣe. Ní 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe. Ó di 2027 kí wọ́n tó fi dandan lé e pé kí ẹni tó ni fóònù lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, gúlúù ni wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́ mọ́nú, ọmọkùnrin Ìkẹjà ló sì ń jẹ palaba ìyà rẹ̀.

Ìdajì tó kù nìyí. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí dúró sí èbúté Èkó, wọ́n wo ohun tó ń wọlé. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán tọ́ọ̀nù 15,700 nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rọ́ sínú ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Ẹni tó rọ́ ọ síbẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú owó tí ì bá fi kó o dànù lọ́hùn-ún. Níbí, wọ́n á jó wáyà rẹ̀ kí bàbà inú rẹ̀ lè jáde, èéfín dúdú á gòkè. Fìríìjì tó ti kú kì í ṣe ẹ̀bùn, ọ̀gá. Kí ẹ so ó mọ́ iná kí ẹ tó dì í, ìyẹn nìkan náà tó.

———

Ẹni tó bi mí bóyá ọjà irin àlòkù ló ń fa jíjí irin ìlú, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, iye tí irin àlòkù ń lọ ló ń gbé ìdérí kòtò gọ́tà lọ, òun ló ń tú irin ẹ̀gbẹ́ afárá, òun ló ń gé wáyà tiransifọ́má. Ibi tí wọn ò bá ti béèrè ẹni tó ni ẹrù, irin ìlú náà á bá a yípo. Ẹni tó ń rà á láìbéèrè ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó sáré lé ọmọ tó gbé e.

———

Wọ́n ní kí ìjọba lé àwọn aṣàátàn kúrò ní Olùsósùn, ààtàn ńlá tó wà ní Ọjọ́ta, kí ilé iṣẹ́ ńlá lè wá ṣe é "bó ṣe yẹ". Ìjọba Èkó ti kéde pé àwọn máa ti ààtàn náà.

Mi ò ní sọ pé kí wọ́n máa gbé lórí ààtàn tó ń gbiná. Ó gbiná ní March 2018, gbogbo Ọjọ́ta ló fi imú jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yẹn mọ irú ike tó ju márùn-ún lọ nípa títẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ bá mi wá ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ní iye owó wọn. Nígbà tí Rio ti ààtàn Jardim Gramacho pa ní 2012, wọ́n san owó fún àwọn tó ń ṣà á, bí ẹgbẹ̀rún 14 owó réàlì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òfin ilẹ̀ Brazil láti 2010 sì ti ka ẹgbẹ́ wọn mọ́ ara ètò ìkódọ̀tí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ráhùn lẹ́yìn náà pé owó yẹn tán, iṣẹ́ kò sì sí. Síbẹ̀, wọ́n kà wọ́n sí èèyàn kí wọ́n tó ní kí wọ́n dìde. Èmi ò tíì gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ fún ti Olùsósùn.

———

Kí a má baà dà bí ẹni tó kàn ń sọ ibi: èèpo gbáàgúdá.

Nàìjíríà ló ń gbin gbáàgúdá jù láyé. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo ń jẹrà lẹ́yìn ilé, ó ń rùn, wọ́n ń dáná sun ún. Ewúrẹ́ ń jẹ díẹ̀, àmọ́ májèlé wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tútù, ó sì ń bu kí oòrùn tó gbẹ ẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Àwọn olùwádìí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, wò ó pé ẹ̀rọ tí àwọn onígàrí fi ń rin gbáàgúdá àti èyí tí wọ́n fi ń fún un lè rin èèpo, kó sì fún omi inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n sá a. Bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran, tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ, tí olóko adìyẹ sì lè fi rọ́pò díẹ̀ nínú àgbàdo.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí àgbàdo bá ti wọ́n, olóko adìyẹ fúnra rẹ̀ á wá a wá. Èèpo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹran wà ní abúlé kejì, ọkọ̀ ò rìn jìnnà. Ìdí tí kò fi tíì gba gbogbo ìlú ni epo tí wọ́n ń bù sínú ẹ̀rọ, àti gbígbẹ lásìkò òjò. Bí àbúrò yín bá lè fi ojú inú wo nǹkan míì yàtọ̀ sí ike, kó gba Ọ̀yọ́ àti Ògùn lọ wo èyí.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n sọ ọ́ tààrà: kí ẹ yá a àbí kí ẹ má yá a.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́ fi owó yín háyà, ẹ má yá a. Ilẹ̀ ni ìṣòro tó kẹ́yìn. Kó kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gba ìwé: iye kílò kan, ọjọ́ tí owó ń jáde, ìwọ̀n tí wọ́n máa yọ fún ọ̀rinrin, ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kó wá oníbàárà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Kó ra páálí pẹ̀lú ike, torí wọn kì í sábà já wálẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó háyà ẹ̀rọ tó ń tẹ ike lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in kó tó ra tirẹ̀.

Kó tún lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn dá sílẹ̀ torí òfin tó ní kí ẹni tó ṣe nǹkan máa ru ẹrù àlòkù rẹ̀. FBRA wà fún àwọn tó ń ṣe ohun mímu àti oúnjẹ, EPRON wà fún ẹ̀rọ iná àti fóònù. Owó díẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde fún àwọn tó ń kó o jọ, àmọ́ ẹni tó ní ìwé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Láti ọjọ́ tó bá ti ra àpò àkọ́kọ́ ni kó ti máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti bátìrì, bí bàbá bólà kankan bá gbé e wá bá a ní Ìkòròdú, kó ní òun kì í rà á, ì báà jẹ́ pé bátìrì ni owó rẹ̀ yá jù nínú ọjà.